Orúkọ Lè Jẹ́ Àlejò, Onílé Ni Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Ní ọdún 2010, àwọn oníṣègùn àti onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kéde nínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn ti rí ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó ń fà á tí àrùn kíndìnrín fi ń ba àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ jà ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Jíìnì kan ni, APOL1 ni wọ́n ń pè é. Oríṣi rẹ̀ méjì tó ń fa wàhálà, G1 àti G2, wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá gan-an. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ṣùgbọ́n báwo ni nọ́ọ̀sì tó ń sọ Yorùbá ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá àgbàlagbà tó jókòó níwájú rẹ̀? Bó bá ní, “Màmá, ẹ ní jíìnì àrùn kíndìnrín,” ìyá á gbà pé kíndìnrín òun ti bàjẹ́. Bó bá ní, “Àrùn ìdílé yín ni,” ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tó kó o wọlé, bóyá ilé bàbá ni tàbí ilé ìyá, àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lọ́kọ á sì máa bẹ̀rù pé bí ará àdúgbò bá gbọ́, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ àwọn. Bó bá ní, “Ẹ̀jẹ̀ yín ló ní àbùkù,” ó ti bú u. Gbólóhùn mẹ́ta, kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì kò ní i lọ́kàn láti purọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ṣì í lọ́nà.

Àìtó ọ̀rọ̀ kọ́ ló fa èyí. Ibi tí mo rò pé àwa tí à ń gbé ìmọ̀ ìṣègùn wá sínú Yorùbá ti ń ṣìnà ni pé orúkọ nìkan la máa ń wá. A ó jókòó, a ó máa jiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí á pe jíìnì àti ohun tí ó yẹ kí á pe purotéènì, bí ẹni pé bí orúkọ bá ti dé, òye ti dé nìyẹn. Èrò tèmi ni pé orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí lè jẹ́ àlejò, kò sí aburú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kò gbọdọ̀ jẹ́ àlejò: àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ohun tí jíìnì ń ṣe, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí purotéènì, ohun tí oògùn ń ṣe fún méjèèjì. Ibẹ̀ ni aláìsàn ti ń lóye, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ibẹ̀ sì ni ọrọ̀ Yorùbá pọ̀ sí jù.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí àwọn tó ṣẹ̀dá orúkọ wọ̀nyí ṣe ṣe é. Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo èèpo igi, ó rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó tò léra, ó sì pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1665. Yàrá kékeré ni ọ̀rọ̀ Látìn náà túmọ̀ sí, torí pé yàrá òfìfo ni ohun tó rí jọ. Lónìí, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ pé inú sẹ́ẹ̀lì kún dẹ́nu. Orúkọ purotéènì jáde ní 1838 láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ ipò kìíní, nígbà tí wọ́n ṣì rò pé èròjà kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ní 1888, Waldeyer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, pe àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì ní kúrómósómù, ìyẹn ara aláwọ̀, kìkì nítorí pé wọ́n máa ń gba aró tí wọ́n fi ń wò wọ́n lábẹ́ awò. Wilhelm Johannsen, ará Dẹ́ńmáàkì, ló wá mú ọ̀rọ̀ jíìnì wá ní 1909, ó sì sọ ọ́ kedere pé òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbé àbá kankan lórí nípa irú ohun tí jíìnì jẹ́. Ó kù ọdún mẹ́rìnlélógójì kí ayé tó mọ bí DNA, ohun tí a fi ṣe jíìnì, ṣe rí. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́rin yìí tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó lónìí. Ìlò ló fún wọn ní ìtumọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń dán ọ̀rọ̀ Yorùbá wò fún jíìnì, ó yẹ kí á bi í léèrè ohun tó máa gbé wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ mú àbímọ́. Ohun tí a bí mọ́ ènìyàn ni, ó sì dára fún àrùn tí ọmọ gbé wá sáyé. Ṣùgbọ́n jíìnì inú sẹ́ẹ̀lì ọmú tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró lè yí padà nígbà tí ènìyàn ti pé ọgọ́ta ọdún, kí ó sì di jẹjẹrẹ. A ò bí ìyẹn mọ́ ọn. Ẹ mú àjogúnbá. Ó bá ohun tó ti ọ̀dọ̀ òbí wá mu, ṣùgbọ́n ìyípadà kan wà tí ó máa ń kọ́kọ́ hàn lára ọmọ, tí kò sí lára bàbá, tí kò sí lára ìyá. Bí a bá pe ìyẹn ní àjogúnbá, ìjà lẹ́bi dé nìyẹn: ta ló jogún rẹ̀ fún un? Ẹ mú àbùdá. Ọ̀rọ̀ tó gún ni, àwọn onímọ̀ èdè wa sì ń lò ó dáadáa, àmọ́ bí nǹkan ṣe rí ló ń sọ, ìyẹn àbájáde. Ohun tó wà lẹ́yìn àbájáde ni jíìnì. Ènìyàn méjì lè ga bákan náà kí jíìnì tó mú wọn ga má jọra. Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tí a fẹ́ wò yìí sì rèé, wọn kò tíì kọ́ ọ tán. Ní 2003 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti ka DNA ènìyàn tán, síbẹ̀ 2022 ni wọ́n tó ka àwọn ibi tó ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí jíìnì máa jẹ́ jíìnì. Orúkọ tí kò gbé àbá lórí kò lè purọ́.

Ẹnìkan á ní, ṣebí ohun tí a ti ń ṣe náà nìyẹn, à ń yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, kò sì yé aráàlú. Òótọ́ ni, jínótáìpù sì ni ẹ̀rí tó dára jù. Lọ́dọ̀ onímọ̀, jínótáìpù ni oríṣi jíìnì tí ènìyàn ní, ibi yòówù kí a wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún jíìnì rẹ̀. Lẹ́nu wa ní Nàìjíríà, ó ti di ohun kan ṣoṣo: AA, AS tàbí SS. Àwọn àfẹ́sọ́nà ń bi ara wọn léèrè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là lọ́wọ́ ìrora. Mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: “AS ni mí.” “SS ni ọmọ náà.” Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ni, ló sọ ènìyàn di lẹ́tà. Láti ibẹ̀, kò jìnnà mọ́ kí àwọn kan máa pe ọmọlọ́mọ ní síkúlà, bí ẹni pé àrùn ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ. Bí a bá sọ pé “Mo ní ẹ̀dà A kan àti ẹ̀dà S kan,” ìró tó yàtọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n òye ti yí padà: ènìyàn dúró sọ́tọ̀, ohun tó ní dúró sọ́tọ̀, ó sì hàn gbangba pé ẹ̀dà méjì ni, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lọ́jọ́ tí dókítà bá sì fẹ́ yẹ jínótáìpù APOL1 wò, kò ní sí ẹni tó máa dá a lóhùn pé “Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, AA ni mí.” Àlejò tí wàhálà bá nínú ilé yìí kò ṣẹ̀, àwa ni a kò fún un ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ ẹ́.

Kí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ? Ẹ jẹ́ kí á fi àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn síkúlà yìí kan náà, dán an wò. Purotéènì jẹ́ ohun tí ara ń sín, bí a ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oríṣi ogún. Ásíìdì àmínò ni orúkọ àlejò tí wọ́n ń jẹ́. Jíìnì ló ń sọ èyí tí ara máa kọ́kọ́ mú, èyí tó máa tẹ̀ lé e, àti ibi tí wọ́n ti máa ta kókó. Bí wọ́n bá sín in tán, kì í wà gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ká, á wé mọ́ ara rẹ̀, títí á fi rí bó ṣe yẹ kó rí, ìrísí yẹn ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Hẹ̀moglóbíìnì, purotéènì tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ní okùn mẹ́rin, méjì nínú wọn sì jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ 146 ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1957, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Vernon Ingram ní Cambridge kéde pé ìlẹ̀kẹ̀ kan lórí okùn wọ̀nyí, èyí tí a mọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà lónìí, ló yàtọ̀ lára àwọn tó ní àrùn yìí: èyí tó fẹ́ràn omi ni ó yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tó ń sá fún omi ló wà níbẹ̀. Ẹyọ kan péré nínú 146. Nígbà tí hẹ̀moglóbíìnì bá já ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀, ibi tó ń sá fún omi yìí á lẹ̀ mọ́ ara èkejì, èkejì á lẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, wọ́n á di ọ̀pá gígùn, ọ̀pá á na sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó rí róbótó, á tẹ̀ ẹ́ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ kò lè gba inú iṣan tóóró kọjá. Á há. Á dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro aláìsàn títí dé mùdùnmúdùn. Sín, ká, wé, já, lẹ̀, na, tẹ̀, há, dí, ro: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà kò mọ̀. Àwọn orúkọ àlejò wà láàárín wọn, wọn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Sín yìí tún yanjú ọ̀rọ̀ kan tó ti ń da àwọn olùkọ́ láàmú. Nínú ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ, a ti ń pe purotéènì ní amáradàgbà: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ọmọdé kì í gbàgbé rẹ̀, ó sì tọ́ bí a kò bá kúrò nídìí àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kí ni amáradàgbà tó ń gbé ọ́síjìn? Kí ni amáradàgbà tó ń lu kòkòrò àrùn pa? Ínsúlíìnì náà purotéènì ni, bẹ́ẹ̀ kì í mú ara dàgbà bí ẹ̀wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rọ́nà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè béèrè ìdí tí òun fi gbọ́dọ̀ máa gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, nígbà tí òun lè gbé e mì. Bí ọwọ́ wa bá ti ba ìlẹ̀kẹ̀, ìdáhùn rọrùn: bí purotéènì bá wọ ikùn, ikùn á já okùn rẹ̀, á tú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ká, ara á sì kó ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ sín ohun mìíràn tó ń fẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀wà ló máa ṣẹlẹ̀ sí ínsúlíìnì. Bí ẹ̀wà ṣe ń di ara wa àti bí oògùn yẹn ṣe ń di asán nínú ikùn, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló sọ méjèèjì. Nítorí náà mo fara mọ́ kí á fi amáradàgbà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, kí purotéènì máa jẹ́ purotéènì níbi gbogbo mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tó léwu jù nínú gbogbo ìmọ̀ yìí ni èyí tí a fi ń sọ pé jíìnì yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àbùkù ni àwọn kan máa ń kọ, àwọn mìíràn a kọ àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí a mọ̀ gbé e wò. Ẹni tó ní ẹ̀dà S kan péré ní ààbò lọ́wọ́ ibà líle tó ń pa ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ nílẹ̀ wa. Purotéènì APOL1 máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń lu ara kòkòrò àrùn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni, títí kòkòrò náà á fi kú. Irú kòkòrò kan ti mọ bí òun ṣe máa dì í mú. G1 àti G2 lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ lónìí ló gba àwọn baba ńlá sílẹ̀ lánàá. Ti jíìnì kan tó ń jẹ́ PCSK9 tilẹ̀ yani lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ. Lára ẹ̀dọ̀, àwọn purotéènì kan wà tó ń kó ọ̀rá burúkú kúrò nínú ẹ̀jẹ̀; purotéènì PCSK9 ló ń mú àwọn tó ń kó ọ̀rá wọ̀nyí lọ síbi tí wọn ó ti run. Ní 2006, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bíi méjì àti ààbọ̀ ló ní ẹ̀dà jíìnì PCSK9 tí kò ṣiṣẹ́. Ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ewu àrùn ọkàn wọn sì fi ìdá 88 dín kù. Láti inú ìmọ̀ yẹn ni àwọn oògùn tó ń di PCSK9 lọ́wọ́ ti jáde, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí wọn ní 2015. Ṣé àbùkù la máa pe ohun tó dáàbò bo ọkàn báyìí? Àṣìṣe ta ni? Ìyípadà ni ọ̀rọ̀ tó tọ́ fún ohun tó ṣẹlẹ̀, oríṣi fún ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ kí gbólóhùn tó kàn sọ bóyá ire ni tàbí ibi, níbo, fún ta.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ní láti ṣọ́ra fún àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ jíìnì di àyànmọ́. Nínú Yorùbá, bí a bá ní “ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀,” a ti parí ẹjọ́. Ìwà ni, kò ṣeé wò. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ kọsẹ̀ níwájú òtítọ́, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gbó wà lára sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí kò ní jíìnì nínú mọ́. Ẹni tó ní ẹ̀dà méjì tó jẹ́ G1 tàbí G2 ní ewu àrùn kíndìnrín ju ẹlòmíì lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń lo kíndìnrín rẹ̀ di ọjọ́ ogbó. Ó sábà máa ń gba nǹkan mìíràn kún un kí àrùn tó dé. Kòkòrò apa sójà ara, ìyẹn HIV, jẹ́ ọ̀kan tí a mọ̀ dájú. Nítorí náà, láàárín “kíndìnrín yín máa bàjẹ́” àti “ewu wà pé kíndìnrín yín lè bàjẹ́,” gbogbo ìgbé ayé ìyá àgbàlagbà yẹn ló wà níbẹ̀. Máa yẹn á mú un lọ sílé lọ dúró de ikú. Lè á mú un padà wá fún àyẹ̀wò. A kò nílò láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan níbí. Ọ̀rọ̀ tó kéré jù nínú èdè wa ni kí á lò bó ṣe yẹ.

Ìtọ́jú náà ní tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Casgevy fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá yára túmọ̀ ìròyìn náà á kọ ọ́ pé wọ́n ti tún jíìnì tó bàjẹ́ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà rárá. Ọlẹ̀ inú oyún ní hẹ̀moglóbíìnì tirẹ̀, tí kì í lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn tí a bá bí ọmọ, ara á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á ṣí ti àgbà. Ní 2008 ló hàn pé purotéènì kan tó ń jẹ́ BCL11A ló ń ti ilẹ̀kùn náà. Ohun tí Casgevy ń ṣe ni pé wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á gé ibi tí BCL11A ti ń rí agbára gbà nínú wọn, ilẹ̀kùn tí a tì láti ìgbà ọmọdé á ṣí padà. Wọ́n á fi oògùn líle pa àwọn sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ inú mùdùnmúdùn eegun, wọ́n á sì dá àwọn tí wọ́n gé padà sínú ara. Yọ, gé, ṣí, pa, dá padà. Ìyàtọ̀ láàárín “tún ṣe” àti “gé” kì í ṣe ẹwà èdè lásán. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti tún jíìnì rẹ̀ ṣe á rò pé òun kò ní í gbé S fún ọmọ mọ́, á sì fẹ́ ẹni tó bá wù ú láìbéèrè. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà kò kan àtọ̀, kò kan ẹyin obìnrin. S ṣì wà níbẹ̀ fún ọmọ láti gbà. Ní ti owó rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnìkan ní Amẹ́ríkà, èyí tó fi hàn pé àyẹ̀wò kí á tó ṣègbéyàwó ṣì ni oògùn tó sún mọ́ wa jù.

Àtakò kan wà tí mi ò lè fojú fò dá. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí náà máa ń tanni jẹ. Wọ́n ní ẹ̀rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, àwọn yóò mọ̀ ọ́n lára, bí ẹni tínú ń bí. Bẹ́ẹ̀ àrùn náà lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi ara hàn. Ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti jáwọ́ nínú ṣúgà inú tíì, ó parí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rí yìí ń kọ́ wa ni pé ohun tí a rí tàbí tí a fura sí ni wọ́n fi sọ àrùn wọ̀nyẹn lórúkọ, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ibi tí a ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó sọ̀rọ̀: kòkòrò apa sójà ara. HIV ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara, ohun tí Yorùbá sì sọ gan-an nìyẹn. Àlejò wà nínú rẹ̀, sójà. Onílé ni pa. Ìyá tí kò kàwé gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sì lóye ìdí tí ikọ́ ife fi ń jà ju bó ṣe yẹ lọ lára ẹni tó ní kòkòrò náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ti inú iṣẹ́ nǹkan wá kì í tètè tanni.

Àwọn mìíràn á ní kí ni à ń yọ ara wa lẹ́nu sí, nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn dókítà fi ń kàwé. Wọ́n fi ń kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń wò sàn ni ó ní láti fọwọ́ síwèé, kí ó lo oògùn, kí ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kì í sì í ṣe òní la bẹ̀rẹ̀. Láti 1970, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì yege. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé, ó sì fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ ń lò di òní. Ní 2021, wọ́n kéde iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Decolonise Science, láti gbé ìwé ìwádìí 180 wá sí èdè Áfíríkà mẹ́fà, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ọ̀nà ti là. Ohun tó kù ni bí a ó ṣe rìn ín. Ẹni tó sì ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ àyálò yóò bo Yorùbá mọ́lẹ̀, kí ó rántí àlàáfíà. Láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, òun la sì fi ń béèrè ìlera ara wa láràárọ̀. Kò pa èdè wa lára, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa ló ń lò ó: a ń wá a, a ń rí i, ó ń jọba.

Nígbà tí iṣẹ́ àgbáyé HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti mọ bí jíìnì ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, ibi mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lò ti wá: Tokyo, Beijing, Utah, àti Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn, 90 ènìyàn ni, bàbá, ìyá àti ọmọ, láti inú ìdílé ọgbọ̀n. YRI ni àmì tí wọ́n fún wọn, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ṣì ń lò ó. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti wà nínú ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí láti ogún ọdún ó lé; ó tọ́ kí ìmọ̀ náà padà wá bá wa ní èdè tó yé wa. Ó ṣeé ṣe. Nọ́ọ̀sì yẹn lè sọ pé: “Màmá, gbogbo ènìyàn ló ní jíìnì tí wọ́n ń pè ní APOL1. Òun ló ń sọ bí ara ṣe máa sín purotéènì kan tó ń bá kòkòrò àrùn oorun jà. Ẹ̀dà méjì tó wà lára yín yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn kan. Ìyàtọ̀ náà fi kún ewu pé kíndìnrín lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú rẹ̀ ló wà láìsí àrùn. Ẹ jẹ́ kí á máa yẹ ìtọ̀ yín wò, kí á sì máa wọn ìfúnpá yín.” Ẹnikẹ́ni tó bá tún ń bọ̀ wá gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wa, kí ó kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń sọ irú gbólóhùn yẹn.